Ọjọ́ Tí Ọba Ẹ́líwínì Fi Èdè Yorùbá Bínú

Ní ọdún 1912, aya ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan tó wà lẹ́yìn Òkè Padre ṣàkíyèsí pé àwọn ará Ìbàdàn kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní eré orí ìtàgé. Ọdún méjì péré ni Ìyá Òyìnbó, bí gbogbo èèyàn ti ń pè é, tíì lò ní ìlú náà. Kò tíì kọjá Bẹẹrẹ rí láìjẹ́ pé wọ́n gbé e lórí àga, gbólóhùn Yorùbá kan ṣoṣo tó sì gbọ́ ni "ẹ káàárọ̀", èyí tó fi ń kí èèyàn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dá a lójú. Àánú ìlú ṣe é.

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ní ìlú kékeré tí wọ́n ti bí òun, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, oṣù Ògọ́ọ̀sì ni wọ́n máa ń ṣe eré nínú pápá, lórí koríko, tí oòrùn yóò sì máa ràn yẹ́ẹ́ lára àwọn èèyàn. Sọ́mà ni wọ́n ń pe àkókò náà. Nítorí náà, kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò ṣe fẹ́sítífà sọ́mà, ìyẹn àjọ̀dún eré, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ní oṣù Ògọ́ọ̀sì, nínú pápá, lórí koríko.

Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ní Ìbàdàn, oṣù Ògọ́ọ̀sì ni òjò àti òtútù máa ń mú kí àwọn àgbà da aṣọ méjì bora. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀. Wọ́n rò pé bóyá ó ti bá ẹni tó ń rọ òjò sọ ọ́ ni.

Ẹni tí iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́ ni Tíṣà Olúsànyà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ó ga, ohùn rẹ̀ dùn, ó sì mọ̀ pé ohùn òun dùn. Ó ti gbé ní Èkó fún ọdún kan àbọ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè bá a sọ, ìbáà jẹ́ ti iṣu tàbí ti ikú, tí kò ní sọ pé, "Nígbà tí mo wà l'Ékòó..." Ìyá Òyìnbó fúnra rẹ̀ ló kọ eré náà, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọba òyìnbó kan tó ń jẹ́ Ẹ́líwínì ni ó dá lé lórí. Àbúrò ọba fẹ́ gba adé, ọba sì mọ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fún wákàtí kan gbáko kí àbúrò ọ̀hún tó rí àyè gún un lọ́bẹ. Wọn yóò ṣe é lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Tíṣà wo gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì yíká, ó wá ẹni tó yẹ kó ṣe ọba. Ó fara balẹ̀ wá a. Ó rí i pé òun ni.

Ìyàwó rẹ̀, Lùísà, tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ló fi agolo bisikíìtì gé adé. Ó fi aṣọ fèrèsé rán agbádá ọba, ó sì fi òwú ṣe irùngbọ̀n funfun kan tó gùn dé àyà. Ọlábọ̀wálé, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta, ọmọ onísùúrù tí kì í gbójú sókè wo àgbà, ni wọ́n fún ní iṣẹ́ àbúrò ọba, apààyàn.

Kápẹ́ńtà tó kan ìtàgé ni Ọ̀jẹ̀wálé, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ kò gbádùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Tíṣà dúró tì í níbi tó ti ń kan pákó.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń kàn yìí?"

"Pèpéle ni, Tíṣà."

"Ìtàgé ni. Orí rẹ̀ la ó ti ṣe eré. Nǹkan òyìnbó ni, ó lè ṣòroó yé yín. Ẹ wò mí. Olúsànyà ni mí, àbí? Bí mo bá ti gun ibẹ̀ yẹn báyìí, mi ò kì í ṣe Olúsànyà mọ́. Mo ti di ọba nìyẹn. Màá rìn bí ọba, màá sọ̀rọ̀ bí ọba."

Ọ̀jẹ̀wálé yọ ìṣó mẹ́ta kúrò lẹ́nu. "Ó mà ga o. Àwọn tó ń wò yín ńkọ́? Ṣé wọn ò ní mọ̀ pé ẹ̀yin ni?"

"Wọ́n á mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á gbàgbé. Iṣẹ́ ibẹ̀ gan-an nìyẹn."

"Ó mà ga," ni Ọ̀jẹ̀wálé tún wí, ó sì dá àwọn ìṣó náà padà sẹ́nu.

Tíṣà lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú pé òun ti la ẹnì kan lójú lọ́jọ́ náà. Ohun tí kò mọ̀, nítorí kò bèèrè, ni pé ọmọ ilé eléégún alárìnjò ni Ọ̀jẹ̀wálé, ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Bàbá bàbá rẹ̀ ti ń kó ẹgbẹ́ eré kiri láti ìlú dé ìlú kí ẹnikẹ́ni ní ilé Olúsànyà tó wọ ṣòkòtò òyìnbó. Wọ́n ń di ọ̀bọ, wọ́n ń di ọ̀mùtí, wọ́n ń di onídàájọ́ tó ń gba rìbá, àwọn èèyàn á sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi jókòó sílẹ̀. Ọ̀jẹ̀wálé alára ti ṣe ìyàwó alágídí fún ọdún mọ́kànlá gbáko kí orúnkún tó dá a dúró, tó fi gba òòlù.

Nígbà tí ọjọ́ kìíní pé, pápá kún. Ìròyìn ti tàn dé Bẹẹrẹ, Mapó àti Ọjà'ba pé eégún àwọn òyìnbó yóò jáde. Ìyá Òyìnbó àti àwọn àlejò rẹ̀ jókòó sórí àga níwájú. Àwọn pásítọ̀ àti ìdílé wọn jókòó sórí bẹ́ńṣì tẹ̀lé wọn, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n sì ń gbọ̀n. Àwọn ará ìlú jókòó sórí koríko tútù. Oòrùn sọ́mà kò yọjú.

Ọba Ẹ́líwínì jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sọ ọ́ fún wákàtí kan. Àwọn ará Ìbàdàn ní ìwà. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tó wá kí ilé tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń mi orí pé ẹ pẹ̀lẹ́. Àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú wọn kò yàtọ̀ sí àwọn tí kò gbọ́, àfi pé àwọn tó gbọ́ kò lè sùn kí wọ́n má bàa dójú ti ara wọn.

Níkẹyìn, Ọlábọ̀wálé yọ́ wọlé pẹ̀lú ọ̀bẹ onígi, ó sì fara pamọ́ sẹ́yìn aṣọ. Láàárín èrò, obìnrin aláró kan wà tó ń jẹ́ Àríkẹ́, ará Beyerunka, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá, tí ohùn rẹ̀ sì lè dá èèyàn dúró láti òkèèrè. Ó fò dìde.

"Kábíyèsí! Ẹ wẹ̀yìn o! Ọmọ burúkú kan wà lẹ́yìn yín!"

"Ọ̀bẹ ló mú dání!" ni ẹlòmíràn kígbe.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní bàbá ni? Jáde níbẹ̀!"

Ọlábọ̀wálé gbọ́ ohùn àwọn àgbà. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni. Ó jáde láti ẹ̀yìn aṣọ, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn.

Inú bí Tíṣà. Ó gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì, ó gbàgbé Ìyá Òyìnbó, ó ká agbádá aṣọ fèrèsé sókè, ó bọ́ síwájú ìtàgé, ó sì na ìka sí Àríkẹ́.

"Ẹ dákẹ́! Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ dákẹ́ jàre! Irú ìwà wo nìyí? Oṣù méjì ni mo fi kọ́ ọ̀rọ̀ yìí sórí! Ìyàwó mi ò rí oorun sùn nítorí irùngbọ̀n yìí! Ta ló ní kí ẹ gbà mí? Mo bẹ̀ yín níṣẹ́ ni? Ẹ jẹ́ kó gún mi! Ó wà nínú ìwé pé kó gún mi! Olúwa ló mọ ohun tí ẹ wá ṣe níbí, ẹ ò ṣe lọ pọn omi!"

Ẹ̀rín bẹ́ ní gbogbo pápá. Àwọn àgbà di ara wọn mú. Àkíbù alápatà, tó wá láti Ọjà'ba, ń fi fìlà gbá ilẹ̀. "Ọba náà gbọ́ Yorùbá!" ni wọ́n ń pariwo. "Ó ní ká jẹ́ kí wọ́n gún òun!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí àwọn ẹyẹ fi tú kúrò lórí igi ọ̀sàn, eré sì parí síbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó lè tún gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́.

Ìyá Òyìnbó dìde dúró, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó di ọwọ́ Tíṣà mú. Ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ní ọ̀rọ̀ ìdágbére ọba tí Tíṣà túmọ̀ sí èdè àwọn èèyàn náà, lójú òun, agbára tó wà nínú rẹ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Kí ó jọ̀ọ́ kí ó tún un ṣe lọ́la.

"Yẹ́ẹ̀sì, Mà," ni Tíṣà wí.

Ó dé ilé, ó mú gègé, ó sì jókòó láti kọ ìbínú rẹ̀ sílẹ̀. Ojú ìwé méjì ni. Ó yọ ọ̀rọ̀ omi pípọn kúrò, nítorí kò bójú mu. Ó fi òwe àtijọ́ mẹ́rin sí i, ó fi ẹsẹ Bíbélì kan sí i, ó sì kà á fún Lùísà.

"Ó dára," ni Lùísà wí, ó ń rán irùngbọ̀n. "Ta lẹ̀ ń bá wí?"

"Àwọn èèyàn náà ni."

"Ó jọ ìwàásù."

"Ẹ̀yin obìnrin ò mọ eré," ni Tíṣà dáhùn.

Ní ọjọ́ kejì, èrò ìlọ́po méjì ló wá, àwọn kan láti Òkè-Àdó pàápàá. Wọ́n fara da wákàtí kan Gẹ̀ẹ́sì láìmira, wọ́n ń dúró de ìbínú. Nígbà tó tó àkókò, Tíṣà bọ́ síwájú, ó gbé ojú sókè, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì bínú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìfo ọ̀rọ̀ kan. Ohùn rẹ̀ dùn bí ohùn dùrù.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó pariwo. Òjò wínníwínní bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń dìde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

"Kò bínú lónìí," ni Tíṣà gbọ́ tí Àkíbù ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ. "Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ti bẹ̀ ẹ́."

Tíṣà jókòó sẹ́yìn ìtàgé pẹ̀lú adé agolo lórí itan. Ó ti kà nínú ìwé pé wọ́n máa ń sọ ẹyin lu àwọn òṣèré tí kò dára. Ìbá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lùísà wá bá a níbẹ̀, ó gba adé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ lọ bá Bàbá Ọ̀jẹ̀wálé," ló wí.

"Kápẹ́ńtà? Kí ló fẹ́ bá mi kàn?"

"Ẹ ò mọ ilé tó ti jáde ni? Ọmọ alárìnjò ni. Gbogbo Ìsàlẹ̀ Òsì ló mọ̀. Bàbá mi máa ń gbé wa lọ wò ó nígbà tó ń ṣe ìyàwó alágídí. Èmi rò pé obìnrin ni títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá."

"Eléégún!" Tíṣà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Lùísà, ṣé o mọ ohun tí pásítọ̀ máa sọ?"

"Kápẹ́ńtà ni mo ní kí ẹ lọ bá," ni Lùísà wí.

Ọ̀jẹ̀wálé ń kan pákó kan tó ti yẹ̀ ní etí ìtàgé. Tíṣà sún mọ́ ọn, ó wúkọ́, ó sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́, ó sọ̀rọ̀ nípa bí pákó ṣe máa ń rí l'Ékòó. Kápẹ́ńtà náà kàn ń gbọ́ ọ. Nígbà tí Èkó tán lẹ́nu Tíṣà, ó ní, "Bàbá, kí ni mo ṣe lánàá tí mi ò ṣe lónìí?"

Ọ̀jẹ̀wálé fi òòlù sílẹ̀. "Ẹ bínú kí n rí i."

Tíṣà bínú.

"Ta lẹ̀ ń wò?"

"Mi ò wo ẹnikẹ́ni."

"Lánàá, Àríkẹ́ lẹ̀ ń wò. Òun lẹ̀ ń bá jà. Ojú ọ̀run lẹ wá ń wò lónìí, ẹ sì ń retí kí àwa tó wà nísàlẹ̀ rẹ́rìn-ín." Ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Nǹkan mìíràn tún wà. Lánàá, ẹ fẹ́ ká dákẹ́. Lónìí, ẹ fẹ́ ká pariwo. Ó hàn lójú yín kí ẹ tó la ẹnu. A kàn jókòó, à ń tijú bá yín ni."

Ó gun orí ìtàgé pẹ̀lú ìrora. Kò wọ aṣọ eré kankan, kò so nǹkan kan mójú. Ó kàn yí èjìká rẹ̀ díẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó sì wo Tíṣà bí ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Kò tíì sọ nǹkan kan. Tíṣà rí i pé òun ti ń ronú irọ́ tí òun máa pa fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé ó ní láti di igi ìtàgé mú. Àárín ẹ̀rín yẹn gan-an ni ó ti rántí pé òun ti dúró níbí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, tí òun ń ṣàlàyé fún ọkùnrin yìí bí èèyàn ṣe ń di ẹlòmíràn. Ara rẹ̀ gbóná láti ọrùn dé etí.

"Bàbá, ẹ ṣe jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Ẹ ń gbádùn ara yín," ni Ọ̀jẹ̀wálé wí, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, òjò rọ̀ gidi. Àwọn òyìnbó ṣí agbòjò. Àwọn ará ìlú fi ẹní bo orí, wọ́n fi ewé kókò bo orí, wọn kò sì lọ. Ọba Ẹ́líwínì jáde. Omi wọ inú òwú, irùngbọ̀n rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, ó gùn dé ìdodo, ó já, ó sì bọ́ lulẹ̀.

"Kábíyèsí!" ni Àríkẹ́ ké lábẹ́ ẹní rẹ̀. "Irùngbọ̀n yín ti sá lọ o!"

Tíṣà wò ó. Kò wo ojú ọ̀run. Obìnrin yìí kan ṣoṣo ló wò, ó sì fẹ́ kó dákẹ́ tọkàntọkàn.

"Ẹ̀yin náà tún ni? Òjò tó tó báyìí, ẹ ò nílé ni?"

"Mo nílé! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọba, ààfin yín dà?"

"Ọwọ́ kápẹ́ńtà ló ṣì wà!"

"Ẹ wá sí Beyerunka, kí n bá yín pa irùngbọ̀n láró, kó má tún sá mọ́!"

"Kí ni ọba òyìnbó ń fi irùngbọ̀n aláró ṣe?"

"Ẹ̀yin náà kì í ṣòyìnbó jàre! Mo mọ ilé yín!"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń dá a, tí wọ́n ń gbà á, tí pápá ń mì. Ọlábọ̀wálé jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti gún ọba, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni èrò ní kó padà, kí àwọn ṣì gbọ́ ọ̀rọ̀. Níkẹyìn, Àkíbù alápatà dìde, ó sọ fún un gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ iṣẹ́ ọ̀bẹ pé ọ̀bẹ onígi kò lè pa nǹkan kan, kó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tọrọ àforíjì. Ọlábọ̀wálé lọ. Ọba Ẹ́líwínì dárí jì í lójú gbogbo ìlú Ìbàdàn. Ìyá Òyìnbó, tó mọ̀ dájú pé òun kọ ikú sí ìparí eré náà, ṣí ìwé rẹ̀ tó tutù, ó wò ó, ó pa á dé, ó sì pàtẹ́wọ́ bí gbogbo èèyàn.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó pe Olúsànyà ní Tíṣà mọ́ ní gbogbo ọ̀nà tó lọ sí Bẹẹrẹ. Kábíyèsí ni. Àríkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi, ó ń jókòó níwájú. Ó ń dúró de ọjọ́ tí ọba máa tún bínú ni. Àwọn ìjọ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí èso fẹ́sítífà.

Ní oṣù Dìsẹ́ńbà, ìwé ìròyìn ìjọ dé láti òkè òkun, ìròyìn tí Ìyá Òyìnbó kọ sì wà nínú rẹ̀. Ó fẹ́ kí gbogbo ìjọ gbọ́ ọ. Ó dúró níwájú pẹpẹ, ó ń kà á ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, Tíṣà Olúsànyà sì dúró tì í, ó ń túmọ̀. Àwọn gbólóhùn àkọ́kọ́ kò ṣòro: ojú ọjọ́ dára, àwọn àlejò pọ̀, àwọn aṣọ lẹ́wà. Lẹ́yìn náà ó kà á pé kí fẹ́sítífà àwọn tó dé, àwọn èèyàn ibí yìí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní eré rárá. Inú òkùnkùn ni wọ́n wà, òun ló tan fìtílà àkọ́kọ́ fún wọn. Ó dákẹ́, ó wo Tíṣà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Tíṣà wo ìjọ. Ọ̀jẹ̀wálé wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, lẹ́nu ọ̀nà. Ìlẹ̀kùn kan tí wọ́n ní kó tún ṣe ló wá fi ojú wọ̀n, ìwọ̀n rẹ̀ sì pẹ́ lọ́nà kan ṣá. Kò wo ẹnikẹ́ni. Tíṣà fọwọ́ tọ́ táì rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó tọ́ ọ sósì.

"Ìyá Òyìnbó ní kí n sọ fún yín," ló wí, "pé nígbà tí àwọn dé ìlú yìí, àwọn ò mọ̀ pé àwọn tó mọ eré ṣe jù wọ́n lọ ti wà níbí látayébáyé. Wọ́n ní àṣìṣe àwọn ni, àwọn ò bèèrè. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pé ẹ fi sùúrù jókòó nínú òjò wo tiwọn."

Ṣọ́ọ̀ṣì hó. Àríkẹ́ dìde, ó kúnlẹ̀ fún Ìyá Òyìnbó. Ìyá Òyìnbó na ọwọ́ méjèèjì sí wọn, ojú rẹ̀ pọ́n fún ayọ̀. "Ẹ káàárọ̀," ló wí. "Ẹ káàárọ̀, ẹ káàárọ̀."

Nígbà tí wọ́n délé, Lùísà gbé oúnjẹ ọkọ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó tì í. Ó mọ Gẹ̀ẹ́sì kà jù ú lọ, kò sì tíì sọ fún un láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣègbéyàwó.

"Ohun tí Mà kà yẹn gùn ju ohun tí ẹ sọ lọ," ló wí.

"Mo gé e kúrú díẹ̀."

"Ibi tí ẹ ti gé e dára." Ó fi ẹran kún ti inú àwo rẹ̀.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Ìyá Òyìnbó àti ọkọ rẹ̀ padà sí ìlú wọn. Aya ọ̀gá tuntun fẹ́ràn òdòdó, wọ́n sì tú ìtàgé, wọ́n gbin òdòdó síbẹ̀. Òjò Ògọ́ọ̀sì gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Ní àwọn ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn èèyàn máa ń rí Tíṣà tó ń gba ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Òsì lọ, táì ọrùn rẹ̀ á wà nínú àpò. Bí pásítọ̀ bá bi í, á ní òun fẹ́ lọ wo àga kan tí kápẹ́ńtà ń bá òun kàn ni. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti ń kan àga náà.